Ta Ló Gé Ọrùn Kò-Sáàánú?

Mo ti rí ẹṣin tó ṣubú kú lórí pápá, mo ti rí èyí tí ejò bù jẹ, àmọ́ mi ò tíì rí ẹṣin tí èèyàn gé lọ́rùn, tí onítọ̀hún tún wẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́, tó fi ewé etí erin kùn ún, tó sì rọra ti géètì kó tó lọ. Ohun tí mo bá nìyẹn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ní pápá Nọ́ọ̀sì Merle Harding, lókè Saint Philip, lérékùṣù wa. Ara mi bù máṣọ.

Ẹṣin náà dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń jẹ koríko ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé orúnkún ẹ̀, ó ti gbẹ. Lápá òsì ọrùn ẹ̀, lábẹ́ irun, ihò kan wà níbẹ̀ tí àtàǹpàkò mi lè wọ̀.

"Colvin, ṣé wọ́n fẹ́ pa á ni?" Nọ́ọ̀sì Merle ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún ni màmá yìí fi gbẹ̀bí, ẹ̀jẹ̀ kì í bà á lẹ́rù, àmọ́ ó dúró jìnnà sí ẹṣin náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Rárá o. Ẹni tó fẹ́ pa ẹṣin ò ní fi etí erin kùn ún."

"Kí ni wọ́n wá ń wá nínú ọrùn ẹ̀?"

Mo súnmọ́ ihò náà, mo wò ó. Mo mọ ohun tó wà nínú ọrùn ẹ̀. Hóró kékeré kan ni, bí hóró ìrẹsì, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ki sára ẹṣin ìsáré látìgbà tó wà lọ́mọ. Nọ́ḿbà wà nínú ẹ̀, nọ́ḿbà náà ló ń sọ ẹṣin tó jẹ́. Ohun kejì tó pa mí lẹ́nu mọ́ burú jùyẹn lọ. Ẹnu ihò náà tẹ̀ bí ìwọ̀. Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń gé nǹkan báyẹn, ọ̀bẹ tí à ń fi ń fá pátákò. Èmi ni mò ń fá pátákò ẹṣin tí mo sì ń kan bàtà irin mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ ní gbogbo àdúgbò yìí, ọ̀bẹ mi sì ti sọnù nínú àpò láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Nọ́ọ̀sì Merle ra ẹṣin yìí lọ́wọ́ Ọ̀gá Denzil Farnum, tó ń kọ́ ẹṣin ìsáré nítòsí etíkun. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ẹṣin náà, kò borí rí láyé ẹ̀, wọ́n ní kó lọ sinmi. Ó tutù bí omi àmù. Nọ́ọ̀sì fẹ́ máa gbé àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ò lágbára gùn ún, torí dókítà ní ẹṣin gígùn máa ń mú kí ìdí àti ẹ̀yìn ọmọ le. Ọmọ méjìlá ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wọn wá wo ẹṣin, inú wọn dùn, àfìgbà tí ọ̀kan nínú wọn béèrè orúkọ ẹ̀.

"Kò-Sáàánú," ni Nọ́ọ̀sì dáhùn.

Ńṣe nìyá náà gbé ọmọ ẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn sì ní àwọn ò ní fi ọmọ kankan ránṣẹ́ sẹ́yìn ẹṣin tí orúkọ ẹ̀ ń dẹ́rù bani, àfi tó bá gba orúkọ mìíràn.

Ni Nọ́ọ̀sì bá ní òun máa yí orúkọ náà padà. Yéè! Gbogbo ìdílé ẹlẹ́ṣin ta kò ó. Ní ṣọ́ọ̀bù ọtí, lórí pápá, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ọ̀rọ̀ kan náà ni: èèwọ̀ ni, ẹṣin tó ti sáré ò gbọ́dọ̀ gba orúkọ tuntun. Nọ́ọ̀sì ní irọ́ lásán ni. Ọ́fíìsì ìsáré ẹṣin gbà fún un, wọ́n ní kí Ọ̀gbẹ́ni Trotman wá ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun tó ń ka nọ́ḿbà inú ọrùn, kí wọ́n lè mọ̀ dájú pé ẹṣin tí wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ náà ni. Tẹ́lẹ̀, ìwé àti àwọ̀ ara nìkan ni wọ́n ń wò. Ọjọ́bọ̀ yẹn náà ló mọ́ tí a bá ihò lọ́rùn ẹ̀.

*

Sájẹ́ǹtì Ottalie Skeete dé láago méje. Àbúrò ìyàwó mi tó dolóògbé ni. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó máa ń fi ìka kan ti gàlásì ojú ẹ̀ sókè tó bá ń ronú, ẹnu ẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ mi tó sọnù lọ.

Kò wo ẹṣin, ilẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. "Koríko ò fà tu. Ẹṣin yìí ò jà rárá. Nọ́ọ̀sì, tí àjèjì bá wá gé yín lọ́rùn ní ìdájí, ṣé ẹ máa dúró fún un?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Kì í ṣe àjèjì nìyẹn." Ó súnmọ́ ẹṣin, ó fi ìka kan nǹkan funfun tó gbẹ sí etí ọgbẹ́, ó tọ́ ọ wò. "Iyọ̀. Omi òkun ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Kò sí òkun nítòsí ibí, á jẹ́ pé wọ́n bu omi náà wá látilé." Ó yíjú sí mi. "Àna mi, ọ̀bẹ yín dà?"

"Ọ̀bẹ wo?"

"Ẹ má fi mí ṣeré láàárọ̀ yìí. Ọ̀bẹ tó tẹ̀ lẹ́nu. Àpò yín wà lẹ́yìn ọkọ̀, mo ti wò ó kí n tó wọlé."

"Ó sọnù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wá a tì."

"Níbo lẹ ti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Lọ́dọ̀ Farnum látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ottalie, mo fi ìyá tó bí mi búra, èmi kọ́!"

"Mi ò tíì sọ pé ẹ̀yin ni. Àmọ́ ẹ rí ihò yìí, ẹ mọ ọ̀bẹ tó gé e, ẹ sì panu mọ́. Mo máa rántí ìyẹn." Ó wá kọjú sí Nọ́ọ̀sì. "Ẹ sọ fún mi nípa ẹṣin yín. Kí ló fẹ́ràn?"

"Òkun!" Nọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Lọ́jọ́ Sunday, mo ní kí n mú un rìn létí omi. Ó wọ́ mi wọnú omi tòun ti bàtà, tòun ti fìlà ṣọ́ọ̀ṣì mi. Àwọn èèyàn rò pé mò ń ṣèrìbọmi lẹ́ẹ̀kejì."

Sájẹ́ǹtì ti gàlásì ẹ̀ sókè. "Àna mi, ó yá, ẹ̀yin lẹ máa wa ọkọ̀. Afurasí tó bá ń wakọ̀ ò ráyè sá lọ."

*

Ọ̀gá Farnum jókòó níwájú ilé ẹṣin ẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹja sí láàárín. Ọkùnrin gbẹndẹkẹ ni, ohùn ẹ̀ máa ń dún bíi pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ wà ní òdìkejì pápá.

"Níbo lẹ wà láago márùn-ún ìdájí?" ni Sájẹ́ǹtì bi í.

"Lórí pápá, mò ń fi aago wo bí àwọn ẹṣin mi ṣe ń sáré. Ọgbọ̀n èèyàn ló rí mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Sájẹ́ǹtì sọ fún un. Búrẹ́dì já bọ́ lọ́wọ́ Farnum. "Wọ́n gé e lọ́rùn? Háà! Irú wèrè wo nìyẹn?"

"Àná lẹ lọ sọ fún Nọ́ọ̀sì pé ojú ẹ̀ máa rí màbo tó bá yí orúkọ ẹṣin yẹn padà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo ṣì ń sọ ọ́! Bàbá bàbá mi yí orúkọ ẹṣin padà, kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ààrá sán pa á."

"Ẹṣin ọ̀hún?"

"Bàbá bàbá mi!"

Mo ti ẹ̀rín mọ́nú. Sájẹ́ǹtì ò rẹ́rìn-ín. "Báwo ni Kò-Sáàánú ṣe rí nígbà tó kọ́kọ́ dé?"

"Ìkà ni! Ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an ló gbé Baba Lisle tó ń bá mi tọ́jú wọn jù sínú òkun. Ẹ mọ̀ pé àràárọ̀ là ń kó wọn lọ wẹ̀. Kò fẹ́ rí omi sójú. Àmọ́ kí oṣù kan tó pé, mo ti kọ́ ọ, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ." Ó na ìka sí ẹṣin aláwọ̀ kọfí kan tó yọrí lójú fèrèsé. "Ìyẹn ni Ọba Ṣúgà. Ọjọ́ kan náà lòun àti Kò-Sáàánú dé láti ìlú òyìnbó, ẹ ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀ tí wọ́n bá dúró síra wọn. Òun ló gba Ife Ẹ̀ẹ̀rùn fún mi ní March."

"Ṣé òun náà máa ń wẹ̀ lókun?"

"Ká má rí i. Omi páìpù là ń fi wẹ̀ ẹ́. Tó bá ti gbọ́ ìró ìgbì báyìí, ńṣe lá máa tàpá."

Sájẹ́ǹtì ti gàlásì ẹ̀ sókè, ó tẹjú mọ́ ẹṣin náà. Farnum wò mí, èmi náà wo ilẹ̀.

"Baba Lisle ńkọ́?"

"Ó wà létíkun. Ó pẹ́ dé lónìí, ó ní ọkọ̀ ló ṣòro. Àádọ́ta ọdún tó ti ń bá wa tọ́jú ẹṣin, kò pẹ́ lẹ́yìn rí."

*

Baba Lisle Gooding wà nínú omi dé àyà, ó ń darí ẹṣin kan yíká. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Nígbà tó rí aṣọ ọlọ́pàá, kò jáde kíá. Ó fi ọwọ́ bomi sẹ́yìn ẹṣin náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, kó tó wá bá wa lórí iyanrìn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Baba," Sájẹ́ǹtì kí i. "Ìbéèrè kan ni mo ní. Ẹṣin lè gba orúkọ mìíràn. Ṣé ó lè yí ohun tó ń bà á lẹ́rù padà?"

Baba wé okùn ẹṣin náà mọ́ ọwọ́.

"Kò-Sáàánú tó dé lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn kórìíra òkun. Èyí tó wà lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì ń wọ́ ọ wọnú ẹ̀. Ọba Ṣúgà ló kórìíra òkun báyìí. Baba, ẹṣin méjèèjì ti pààrọ̀ orúkọ."

Baba jókòó sórí iyanrìn tútù.

"Kì í ṣe ìwà ọ̀dàlẹ̀, ọmọ mi," ló sọ. "Àṣìṣe ni. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Mo mú àwọn méjèèjì wá, wọn ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nílùú. Ọ̀kan gbé mi ṣubú, mo mu omi iyọ̀, mo rò pé ó ti tán. Nígbà tí mo máa jáde, àwọn méjèèjì ti já, ìjánu awọ ti bọ́ lórí wọn, ó ń léfòó lójú omi. Ara ìjánu yẹn ni wọ́n kọ orúkọ sí. Mo mú wọn, mo fi ìjánu sí wọn lórí. Ojú mi ń ta fún iyọ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ti gbé tọ̀hún fún tibí."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Lẹ́yìn oṣù kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní Kò-Sáàánú ń rẹ́rìn-ín sí òkun. Àmọ́ wọ́n ti sáré. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Yàrá ẹ̀yìn ilé ẹṣin ni mò ń gbé látìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ọ́. Mi ò níbòmíì."

"Torí náà lẹ ṣe ń pariwo pé èèwọ̀ ni kí wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà."

"Mo bẹ Nọ́ọ̀sì, ó kọ̀. Mo wá mú ọ̀bẹ nínú àpò Colvin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo rò ó pé tí ẹ̀rọ yẹn ò bá rí nǹkan kan, wọ́n á kàn fi hóró tuntun sí i, tòun ti orúkọ tuntun, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀." Ó bú sẹ́kún. "Ó dúró fún mi, Sájẹ́ǹtì. Mò ń gé e, ó ń fi imú kàn mí léjìká."

Mo ti mọ Baba yìí láti kékeré, mo fẹ́ fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, mi ò lè ṣe é.

*

Sájẹ́ǹtì fóònù Ọ̀gbẹ́ni Trotman pé kó má tíì lọ sí Saint Philip, kó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ Farnum. "Ọrùn kan ni wọ́n gé," ló sọ fún un. "Ìkejì ṣì wà."

Bí a ṣe ń dúró dè é nínú ọkọ̀, tí Baba Lisle jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ojú tó wú, Sájẹ́ǹtì sọ̀rọ̀ láìwò mí. "Àna mi, ẹ̀gbọ́n mi máa ń yangàn nípa yín. Ó ní tí wọ́n bá fi aṣọ dì yín lójú, ẹ máa fọwọ́ kan pátákò, ẹ máa dárúkọ ẹṣin tó ni ín."

"Bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ," mo ní.

"Ẹ fá pátákò àwọn méjèèjì lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Ẹ tún fá a lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ìgbà wo lẹ̀yin mọ̀?"

Mo fẹ́ purọ́. Ọlọ́run rí mi. Mo rí ojú Baba Lisle nínú dígí, mo sì rí i pé òun pàápàá ò mọ̀ pé mo mọ̀.

"Lóṣù yẹn gan-an," mo ní. "Pátákò ọ̀tún iwájú Kò-Sáàánú wọ́ sínú díẹ̀. Mo bá a lẹ́sẹ̀ Ọba Ṣúgà. Mo ní ojú mi ló ń tàn mí. Nígbà tó gba Ife, mo mọ̀ pé kì í ṣe ojú mi. Mo mu ọtí Farnum lọ́jọ́ yẹn, mo jó."

"Ẹni tó gbépo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀," ni Sájẹ́ǹtì sọ. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí Trotman fi dé.

Trotman jẹ́ ọkùnrin kékeré oníwà jẹ́jẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ ẹ̀ sí ọrùn akọni tó gba Ife Ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀rọ náà dún. Ó wo nọ́ḿbà, ó wo ìwé, ó tún wo nọ́ḿbà.

"Ọ̀gá Farnum," ló sọ, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀, "Kò-Sáàánú lèyí."

Farnum di ògiri mú. Mo rò pé ó máa ṣubú, àmọ́ ìgbà tójú ẹ̀ wálẹ̀, ó gbá ìlẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́. "Ife mi ti lọ nìyẹn! Ó dáa. Ẹṣin tí mo ná owó gọbọi lé lórí, ọmọ ẹṣin ọba, òun ló wà lọ́dọ̀ obìnrin yẹn! Mi ò ta Ọba Ṣúgà fún ẹnì kankan. Mò ń lọ gbé ẹṣin mi."

*

Ìgbà tí a fi dé pápá Nọ́ọ̀sì, Farnum ti so okùn mọ́ ẹṣin náà lọ́rùn, lókè ọgbẹ́. Nọ́ọ̀sì Merle di òpin okùn náà mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" ló ń pariwo. "Mo ra á! Àwọn ọmọ ń bọ̀ ní Satide!"

"Kò-Sáàánú lẹ rà, Màmá. Kì í ṣe eléyìí. Trotman, sọ fún un!"

Trotman wo ilẹ̀. "Òótọ́ ni, Nọ́ọ̀sì. Ìwé ti Ọ̀gá Farnum lẹ́yìn."

Ojú màmá náà ṣókùnkùn. Mi ò rí ẹni tí ìyà bá lójijì báyẹn rí. Torí pé ó fẹ́ fún ẹṣin ẹ̀ lórúkọ tó dáa, ó fẹ́ pàdánù ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ tú lára okùn.

"Nọ́ọ̀sì," Sájẹ́ǹtì pè é jẹ́jẹ́, "ẹ mú ìwé tí ẹ fi rà á wá."

Ó mú un wá látinú ilé. Sájẹ́ǹtì kà á sókè. "'Èmi, Denzil Farnum, ta ẹṣin tí ń jẹ́ Kò-Sáàánú fún Merle Harding, títí láé.' Ṣé ọwọ́ yín nìyí, Ọ̀gá?"

"Ọwọ́ mi ni. Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn!"

"Kò burú. Ẹ gbé Ọba Ṣúgà lọ. Àna mi, ẹ padà sí ilé ẹṣin Ọ̀gá, kí ẹ lọ gbé Kò-Sáàánú wá fún Nọ́ọ̀sì. Ẹṣin tó yára jù lórí erékùṣù yìí. Títí láé, wọ́n ní."

Okùn bọ́ lọ́wọ́ Farnum. Ó lanu bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí ilẹ̀. Trotman yára fọwọ́ bo ẹnu, mo rò pé ẹ̀rín ló ń gbé mì.

"Ẹ... ẹ dákẹ́ ná," Farnum kólòlò. "Nọ́ọ̀sì, màmá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ò mọ ohun tí ẹ máa fi ẹṣin eré ṣe. Ẹ mú èyí, kí n mú tọ̀hún."

Nọ́ọ̀sì rìn lọ síbi tí Baba Lisle dúró sí lẹ́nu géètì, ó wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ lo gé e?"

"Èmi ni, màmá."

"Àràárọ̀ lo máa wá fọ ojú ọgbẹ́ yẹn títí á fi san. Ohun tí adájọ́ bá sọ, o máa gbọ́ tìyẹn lọ́tọ̀. Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o." Ó yíjú sí Farnum. "Tí o bá lé bàbá yìí kúrò nínú yàrá ẹ̀, ẹṣin eré yẹn ló máa gbé àwọn ọmọ mi. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, màmá."

Trotman tún ìwé tuntun kọ lórí ìdí ọkọ̀ mi, àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú. Ó wá yọ fọ́ọ̀mù ìyípadà orúkọ jáde, ó tẹ bírò. "Ó yá, Nọ́ọ̀sì. Orúkọ tuntun wo ni kí n kọ?"

Gbogbo wa wò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti fi ń bá gbogbo ìlú jà lórí orúkọ yìí, mo sì mọ̀ pé ó ti kó mẹ́wàá jọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ilé ìdáná ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí ẹṣin náà.

"Kí ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i?"

"Ọba Ṣúgà, màmá."

"Ya fọ́ọ̀mù ẹ yẹn. Wọ́n ti gba orúkọ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí láìbi í, ó fi ọdún mẹ́rin ru èébú ẹlòmíì. Mi ò ní jẹ́ ẹni kejì."